Èémí Màmá Atukọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu èèyàn ṣe lè mú bí abẹ, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta yẹn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí Màmá Atukọ̀ bá sọ̀kalẹ̀ wá wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má mú ọmọdé dání. Obìnrin náà á bú eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á bú àwọn tó ṣe é, á bú ẹni tó kun ọkọ̀ wọn lọ́dà, á bú àga tí wọ́n jókòó lé. Bó bá bú wọn tán, á ní kí télọ̀ jọ̀ọ́ yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, òun ò gbọ́ dáadáa.

Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò máa ń rò pé ó ní ọkọ̀ èrò ni. Ẹnì kan tiẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gba ọmọ òun síṣẹ́ dírẹ́bà. Rárá o. Ohùn lobìnrin yìí ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ń gbé eré kan tó ń jẹ́ Àrìnjìnnà wá láti òkè òkun, eré ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, èdè tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ ò yé ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ní kó máa fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ olórí atukọ̀, obìnrin onírun funfun kan tí ojú rẹ̀ le koko. Ojú onírun funfun là ń wò, ohùn Màmá là ń gbọ́. Títí di òní, bó bá wà lórí ìlà ní báǹkì, tó ní kí ẹni iwájú sún díẹ̀, gbogbo ìlà ló máa sún, wọn ò sì ní mọ ohun tó sún wọn.

Ohùn yẹn ló ní láyé. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sọ́run, kò sì bímọ. Tíńtín, ọmọ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú fi sílẹ̀, ló gbà tọ́ láti kékeré. Tíńtín ni wọ́n sọ ọ́ nítorí ohùn rẹ̀ tó rí bíńtín nígbà náà, bí òwú ìránṣọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló mú un wọ sítúdíò nígbà tó dàgbà, níbi tí ọmọ náà ti ń ṣe ohùn ológbò, ohùn ọmọ jòjòló, àti ohùn ọṣẹ ìfọṣọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó. Ẹnikẹ́ni ò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Àfi ìgbà tí àwọn aláṣejù òkè òkun yẹn tún gbé eré mìíràn jáde. Àrìnjìnnà ti parí tipẹ́. Ẹni tó kú ti kú, ẹni tó gbéyàwó ti gbé e. Wọn ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Atukọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ gbọ́ ná: eré tí wọ́n bí gbẹ̀yìn ló fẹ́ wá ròyìn bí wọ́n ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Màmá ò rí ìyẹn bú nígbà náà o. Omi gbígbóná ló ń mu láàárọ̀, kí ọ̀fun rẹ̀ lè là, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ta ni wọn ì bá tún pè?

Tíńtín ni wọ́n pè. Ọ̀gá sítúdíò, ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀ nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí èèyàn ṣe tí kò ní sọ pé ó kù díẹ̀, ló gbé ohùn Atukọ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní ohùn Màmá ti gbó ju ojú ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn lọ. Ó gbó! Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé wáyà kiri nínú sítúdíò, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá wọnú egungun. Kò bá ọmọ náà jà. Ohun tó ṣe burú ju ìjà lọ. Ó ní, “O kú oríire o,” ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí wọ́n gba ohùn Atukọ̀ lọ́wọ́ Tíńtín, kí wọ́n dá a padà fún òun. Bó bá jẹ́ pé eré tuntun yẹn gbọ́dọ̀ rì kí ìyẹn tó ṣẹ, kó yáa rì.

Kò jẹ́ wo eré náà nílé níwájú ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ, á jókòó sáàárín àwọn ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́, télọ̀ á máa tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nínú eré tuntun náà, mẹkáníìkì ọkọ̀ ti já síta láìròtẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ irin, òfuurufú là sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, orin ń ké gbàjarè.

“Yéè!” Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. “Ó ti fẹ́ já bọ́!”

“Já bọ́ síbo?” Màmá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára búrẹ́dì tó ń jẹ. “Ìwọ náà, télọ̀, ṣé o ò lọ́pọlọ ni? Ṣebí ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi ọ̀pá rìn nínú Àrìnjìnnà, tó ń bú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀? Ẹni tá a ti bá jẹun lọ́la, kí ló fẹ́ pa á lónìí?”

“Màmá, àyà mi ṣì ń já.”

“Àyà ẹ ò gbọ́n ni. Wọ́n á fi ìdajì eré gbé e rọ̀ bí aṣọ tá a sá, wọ́n á tún fà á wọlé. Ìranù! Inú ọkọ̀ náà ńkọ́? Láyé Àrìnjìnnà, bọ́tìnnì páálí la fi ń wa ọkọ̀, bí ìlẹ̀kùn bá há, èjìká la fi ń tì í. Èyí ṣáájú rẹ̀, àwòrán ń léfòó, ìlẹ̀kùn ń kí èèyàn káàbọ̀. Ṣé bàbá ló ń gbé ilé gíláàsì, tí ọmọ ẹ̀ wá padà sínú ahéré?”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ Màmá ò tíì dé ibi tó ń dùn ún. Nínú Àrìnjìnnà, ife aláwọ̀ búlúù kan wà tí Atukọ̀ fi ń mu tíì. Ife ni, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Àwọn eléyìí wá fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ṣàlàyé ibi tí ife ti wá: olùkọ́ rẹ̀ ló fún un nígbà tó ń kú lọ, ilé ń jó, wọ́n ń yìnbọn, ife ò fọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣàlàyé àpá ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà. “Ẹ fara balẹ̀,” ni Màmá máa ń wí, “wọ́n ṣì máa dé orí ìbọ̀sẹ̀.” Òfuurufú tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn sì rèé, gbogbo wọn ló ti mọ ara wọn láti kékeré, bí ẹni pé àdúgbò kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìràwọ̀. Ọ̀tá gan-an, iléèwé kan náà ni òun àti Atukọ̀ jọ lọ!

Ṣùgbọ́n télọ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ tó ń gbà. “Màmá, ẹ má bínú,” ló wí, “ẹ má fọwọ́ òsì júwe gbogbo ẹ̀. Ọ̀tá ti àtijọ́ yẹn, àpò ló dé sórí, ó kàn ń bú ramúramù ni. Ti ìsinsìnyí níyàá, ilẹ̀ wọn gbẹ, ebi ń pa wọ́n, èèyàn mọ ohun tó ń bí i nínú. Ẹ tún wo ojú rírán ẹ̀wù wọn. Ẹ wò ó dáadáa, ṣé ó kákò níbì kan?”

“Ẹ̀wù ò mọ eré ṣe.”

“Ọjọ́ tí Atukọ̀ kúrò nílé ńkọ́?”

Ìyẹn nìkan ni Màmá ò rí bú. Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn ti di ẹrù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọ ní, “Mò ń lọ o.” Ìyá ní, “Ó dáa.” Kò yíjú padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn tó ti wo Àrìnjìnnà mọ̀ pé ọmọ yìí ò ní bá ìyá rẹ̀ láàyè mọ́. Ìyá ò mọ̀, ọmọ ò mọ̀, ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló mọ̀, kò sì lè kígbe pé kí ìyá yíjú padà. Irú oró yẹn, eré tó bá ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò lè dá a. Télọ̀ sunkún lọ́jọ́ náà sórí aṣọ oníbàárà.

“Ìyá yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀,” ni Màmá wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìgbà tí kò sọ̀rọ̀ ló dáa jù.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí Atukọ̀ ọ̀dọ́ fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tó fẹ́ pàṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín níbí. Láti ìgbà tí eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí Atukọ̀ ọ̀dọ́ la ẹnu tí Màmá ò la tirẹ̀. Bí ohùn Tíńtín bá ti fẹ́ jáde báyìí, èébú ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń bú ohun tí kò gbọ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” télọ̀ ní, “ẹ dákẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan—”

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ohùn tó ń ṣe bí omi tó ń hó nínú kẹ́tùrù? Ṣé Atukọ̀ nìyẹn? Ọmọ tí wọ́n rán ní ṣúgà ni! Bó bá pàṣẹ fún ológbò, ológbò ò ní dìde. Wọ́n gbé ọkọ̀ fún ẹni tí kò lè gbé garawa.”

Ẹnu ọ̀nà ni télọ̀ ń wò. Tíńtín ló dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìlẹ̀kùn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ̀mọ́,” ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n télọ̀, síkẹ́ẹ̀tì mi ni mo wá gbà.” Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó gòkè lọ.

“Màmá,” télọ̀ rọra wí, “bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin, òsì méjèèjì lẹ ní.”

“Rán aṣọ tó wà níwájú ẹ.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Tíńtín ò bá a jà, kò sì bá a ṣeré. Á kí i láàárọ̀, á gbé tíì síwájú rẹ̀, á ní, “Mò ń lọ sí sítúdíò, mà,” ó parí. Ọmọ tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí ológbò rẹ̀ bá ké dáadáa nínú iṣẹ́, á tún un ké fún Màmá ní ilé ìdáná títí wọ́n á fi jọ rẹ́rìn-ín. Ilé dá páropáro. Màmá lóun ò bìkítà. Irọ́ ló ń pa. Ó bìkítà débi pé ó ń bu iyọ̀ sí tíì.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ó-Kù-Díẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó wá sí sítúdíò kíákíá. Màmá wọ aṣọ tó dáa, ó kun àtíkè. Nínú ara rẹ̀ ló ti ń wí pé, “Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ń wá mi bọ̀.”

Sítúdíò yẹn ti yàtọ̀ sí ti ìgbà tirẹ̀. Nísinsìnyí, yàrá gíláàsì tóóró kan ni, ẹnì kan á wọlé, á dá dúró, á sọ tirẹ̀, á máa lọ. Ẹni tó ń dá a lóhùn lè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láyé Àrìnjìnnà, máìkì kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá, gbogbo wọn á ṣù yí i ká: ẹni tó ń ṣe mẹkáníìkì, ẹni tó ń ṣe ọ̀tá, ẹni tó ń ṣe dókítà, àti Màmá. Èèyàn ò gbọdọ̀ sọ pé “ẹ kúrò níbẹ̀,” máìkì á gbé e. Torí náà, bó bá kan Màmá, imú ló fi ń fa èémí gììrì kan, *hììn*, àwọn tó kù á fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, á bọ́ síwájú. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò sì lè gé e kúrò lórí téèpù. Àwọn èrò ìwòran wá gbà pé ìwà Atukọ̀ ni, pé kó tó pàṣẹ, ó máa ń ronú. Àwọn ọmọ tó ń fi àga ṣe ọkọ̀ láàárín ilé, àwọn náà á kọ́kọ́ fa èémí. Ìrònú wo? “Ẹ yà fún mi” ni! Màmá ti sọ ìtàn yẹn fún Tíńtín títí ó fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀. Ogún ọmọdé kì í kúkú ṣeré gba ogún ọdún: mẹkáníìkì kú, dókítà kú, ọ̀tá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì gbọ́ràn mọ́.

“Màmá, ẹ jókòó,” ni Ó-Kù-Díẹ̀ wí. “Ọ̀rọ̀ Tíńtín ni.”

“Mo mọ̀ pé á sú yín.”

“Àwọn tó ni eré kọ̀wé wá. Wọ́n ní ọmọ náà ń mí. Obìnrin tiwọn ò mí, tiwa ń mí. Wọ́n ní kí n yọ èémí yẹn tàbí kí n yọ ẹni tó ń mí in. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó lóun ò lè ṣe Atukọ̀ láìsí i.” Ó fọwọ́ nu ojú. “Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Tó bá jẹ́ pé ó ń sín yín jẹ ni, ẹ sọ, ẹ̀yin lẹ ó máa dúró síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa á rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.”

Òun nìyẹn. Ohun tó ń wá ti délẹ̀, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ fún un. Gbólóhùn kan péré ló kù: “Ó ń sín mi jẹ.” Ta ni ì bá já a nírọ́?

Màmá dìde, ó fi íápíìsì bo etí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹni tó máa bú láàárín òun àti ohùn yẹn. Ọkọ̀ ń jó, àwọn èrò inú rẹ̀ ń pariwo, gbogbo ìranù tí wọ́n máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, nínú gbogbo ariwo yẹn, *hììn*.

Ẹsẹ̀ Màmá sún sẹ́yìn.

Òun kọ́ ló rán an. Ẹsẹ̀ àgbà ni, ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹnì kan fẹ́ bọ́ sídìí máìkì, kí ẹni tó ti sọ tirẹ̀ tán yà. Tíńtín wá pàṣẹ pé kí wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ohùn náà ò pọ̀, kò sì le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nídìí rẹ̀, ọmọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rù yẹn mọ́lẹ̀. Atukọ̀ kí ó tó dà bí Atukọ̀. Màmá ò ní irú ẹ̀rù yẹn lọ́fun mọ́, kò sì lè purọ́ rẹ̀. Inú bí i. Inú bí i débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀.

“Ẹ̀hẹ́n?” Ó-Kù-Díẹ̀ bi í.

“Iṣẹ́ ni, kò sín mi jẹ,” Màmá já íápíìsì kúrò létí. “Sọ fún àwọn tó ni eré pé àwọn tó ṣàlàyé ife, tó ṣàlàyé bàtà, àwọn ni wọn ò mọ̀ pé Atukọ̀ ń mí? Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, àwọn tó ń wò ní ilẹ̀ yìí á béèrè ẹni tó pa á. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó-Kù-Díẹ̀ wò ó títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sọ pé ó kù díẹ̀.

Nígbà tí Màmá délé, Tíńtín wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi fóònù sọ fún un. Màmá rí i lára èjìká rẹ̀. Màmá dúró síbẹ̀ tòun tàpò lọ́wọ́.

“Tíńtín.”

“Mà.”

“Ìwọ nìkan ló máa ń wà nínú yàrá gíláàsì yẹn, àbí?”

“Èmi nìkan ni, mà.”

“Ta wá lò ń mí sí? Ta lò ń ní kó yà fún ẹ?”

Omi ń dà nínú ẹ̀rọ. Ọmọ náà ò yíjú padà.

“Ẹ̀yin ni, Mọ̀mọ́.”

Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ fún yín. Ó dùn ún ju ohun tí Ó-Kù-Díẹ̀ sọ nípa ohùn tó gbó. Màmá gbé àpò sílẹ̀, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́ tó ti fọ̀.

“Ó dáa,” ló wí. “Mo ti yà.” Ó gbé àwo kan sókè wò. “Ṣùgbọ́n eré yín yẹn, ìranù gbáà ni. Àwo yìí náà ò sì mọ́.”